Jẹ́ Kó Jí Kí O Tó Wọ̀n Ọ́n: Ìtàn Ọ́ìlì Ọkọ̀ Màmá Agbẹ̀bí

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ohun ìní yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tó fún wa lẹ́sẹ̀ tí a fi ń rìn, tó sì tún fi ọgbọ́n sínú ọmọ ènìyàn láti ṣe ohun tó ń sáré ju ẹsẹ̀ lọ. Àwa tí a ń ṣe ìlanilọ́yẹ̀ nípa ìtọ́jú ọkọ̀ kò wá bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Ìtàn kan la mú wá. Ẹ fa àga sún mọ́ wa, ẹ gbọ́ ọ dópin, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lè gba ẹ́ńjìnì là, ó sì lè gba ẹ̀mí là pẹ̀lú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lórí òrùlé ilé ìtẹ̀wé kan tó wà ní igun òpópónà. Atẹ̀wé tó ni ibẹ̀ kò tan ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gba àgbàlá ẹ̀yìn lọ, ó sì ká tápólì kúrò lórí ọkọ̀ kan.

Bó ti ká a tán, ó dúró, ó ń wò ó. Àtikékeré ló ti mọ ọkọ̀ náà, síbẹ̀ kò tíì wò ó rí kí ara rẹ̀ má bù máṣọ. Ó pupa bí oòrùn tó ń wọ̀. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì rí roboto bí ojú òwìwí. Ó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti tẹrí ba bí ẹni tó ń wọ ilé àdúrà.

Ìyá Atẹ̀wé ló ni ọkọ̀ asáré yìí. Agbẹ̀bí ni ìyá náà nígbà tó lágbára. Nígbà tí àwọn agbẹ̀bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ pupa yìí ló ń wà kiri. Bí àwọn ènìyàn bá bi í pé kí ni agbẹ̀bí ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọmọ tó bá ti ń bọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Ṣùgbọ́n Màmá ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ojú òsì rẹ̀ ti kú pátápátá. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń ṣú lọ bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń tán. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún náà, kò sì fi irọ́ tu Màmá nínú: ó lè là, ó sì lè má là.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Fi ọkọ̀ mi gbé mi. Gbé mi gba ọ̀nà orí òkè, kí n rí adágún omi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá jẹ́ ìgbẹ̀yìn ni, kó jẹ́ inú ọkọ̀ mi ni mo ti rí i."

Ohun tó ń gbé Atẹ̀wé lọ́kàn sókè nìyí. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò ṣe irú ẹ́ńjìnì rẹ̀ mọ́. Bí ẹ́ńjìnì yìí bá bàjẹ́ lónìí, kò sí òmíràn, kò sì sí Sátidé mìíràn kí Mọ́ńdè tó dé.

Nínú ọkọ̀ yìí, ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń di ẹrù sí. Atẹ̀wé ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní gééjì. Ó gbé e sójú oòrùn.

"Ó gbẹ!" ni ó pariwo. "Ó gbẹ táútáú!"

Ìyàwó rẹ̀ jáde láti inú yàrá tó ti ń rán ẹ̀yìn ìwé, gọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló gbẹ?"

"Ọ́ìlì. Wò ó! Irin yìí mọ́ bíi ṣíbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

"Ẹ ò wá lọ bi Màmá?"

"Màmá kẹ̀? Ọmọ ni Màmá ń gbẹ̀bí, kì í ṣe ọ́ìlì. Jẹ́ kí wọ́n sinmi jàre. Wọn ò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí dókítà ti bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ọkọ̀ wọn ni o, ọkọ mi. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi wà á."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìkòkò sebẹ̀ ò ní kó mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò."

Ó yẹ kí ẹ mọ òfin kan tó wà nínú ilé yìí. Bàbá Atẹ̀wé tó ti dolóògbé ló dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ kan níbi tó ti ń fi ọ́ìlì sí i lára nígbà tó ń yí lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni òfin kan ti dúró nínú ilé náà bí ohun tí wọ́n kọ sára wàláà òkúta: Ẹ̀rọ tó bá ń yí, ọwọ́ kì í dé ibẹ̀. Pa á, jẹ́ kó tutù, kí o tó wọn ọ́ìlì rẹ̀. Bó bá gbẹ, rọ ọ́ kún. Ọgbọ̀n ọdún ni Atẹ̀wé ti fi òfin yìí ṣiṣẹ́, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Ta ni yóò wá sọ fún un pé òfin tó gba ìka rẹ̀ là lè ba nǹkan mìíràn jẹ́?

Ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ ọ́ ni aládùúgbò wọn ti yọjú láti orí ògiri. Takisí ni ọkùnrin náà ń wà. Bá-a-ti-ń-ṣe-é ni gbogbo òpópónà ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí ó sọ tí kò ní fi "Bá a ti ń ṣe é nìyẹn" dì í lẹ́yìn. Orí rẹ̀ pẹrẹsẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì fi ṣe ìtìjú. Ó ní ibẹ̀ ni fìlà òun fi ń dúró dáadáa.

"Ọ̀gá Atẹ̀wé, wọ́n ní kí ló gbẹ?"

"Ọ́ìlì ni. Bó o bá sì ti wà níbẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó."

Bá-a-ti-ń-ṣe-é wọlé, ó gba gééjì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ọkọ̀ ni gbogbo ọkọ̀. Ó gbẹ, ẹ rọ ọ́. Ó kún, ẹ dé e. Bá a ti ń ṣe é nìyẹn."

Wọ́n ki àrọ bọ ẹnu ihò ọ́ìlì. Atẹ̀wé rọ lítà kan. Wọ́n fa gééjì yọ: kò sí nǹkan kan. Ó rọ ìkejì. Díẹ̀ báyìí ló kan orí irin náà. Ó rọ ìkẹta.

"Ibo ló ń gbé e lọ?" ni ìyàwó bi wọ́n. "Ó ń mu ún bíi ràkúnmí."

"Ẹ da gbogbo kẹ́ẹ̀gì náà sí i," ni Bá-a-ti-ń-ṣe-é wí. "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Màmá ti jókòó sí pálọ̀ láti aago mẹ́fà. Ó ti wọ aṣọ ìrìn rẹ̀, ó ti so ìborí mọ́rí kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, ó sì gbé àpò agbẹ̀bí rẹ̀ àtijọ́ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Bó ṣe ń tẹ́tí, ó gbọ́ ohun kan láti àgbàlá: gbọ̀lọ̀, gbọ̀lọ̀, gbọ̀lọ̀. Ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri jáde.

"Ta ló ń mumi nínú àgbàlá mi?"

Àgbà tó ju àádọ́ta ọdún lọ ni Atẹ̀wé, ṣùgbọ́n ó gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ṣúgà. "Kò sí nǹkan kan, Màmá."

"Kò-sí-nǹkan-kan ló ń dún gbọ̀lọ̀ gbọ̀lọ̀? Ojú ló ń dùn mí, etí mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ọ́ìlì ló gbẹ, Màmá. A ń rọ ọ́ ni."

"Ṣé ọkọ̀ ti jí?"

"Rárá o! Ó tutù nini. Ẹ mọ òfin Bàbá."

"Lítà mélòó lẹ ti rọ?"

"Mẹ́ta."

Màmá kò pariwo. Ó na ọwọ́ títí ó fi kan ara ọkọ̀ náà, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "Ọlọ́run ló ní kí n gbọ́," ni ó wí kẹ́lẹ́. "Bí ẹ bá jí i báyìí, kò ní gbé mi dé ibì kankan."

Bá-a-ti-ń-ṣe-é wúkọ́. "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé gééjì máa ń purọ́ ni?"

"Gééjì ò purọ́. Ẹ̀yin lẹ bi í ní ìbéèrè lásìkò tí kò lè dáhùn. Gbọ́ ná, dirẹ́bà. Nínú takisí tìẹ, ibo ni ọ́ìlì ń gbé?"

"Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ni, Màmá. Nínú abọ́ rẹ̀."

"O káre. Bó o bá pa á, ọ́ìlì á sọ̀ kalẹ̀ sínú abọ́, gééjì á sì bá a níbẹ̀. Tèmi yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Torí pé wọ́n ṣe é kó máa sáré, kó sì máa yí kọ́nà fìrì láìjẹ́ pé ọ́ìlì rẹ̀ ń dà síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ṣe táǹkì ọ̀tọ̀ fún ọ́ìlì náà." Ó fi ọwọ́ gbá ìbàdí ọkọ̀ náà lókè táyà ẹ̀yìn ọ̀tún. "Ibí yìí ló wà. Inú táǹkì yìí ni gééjì ń wò, kò mọ ohun tó wà níbòmíràn. Nígbà tí ọkọ̀ bá sùn, tó tún wá sùn fún oṣù mẹ́rin, díẹ̀díẹ̀ ni ọ́ìlì ń yọ́ kúrò nínú táǹkì lọ sínú ikùn ẹ́ńjìnì. Ẹ wá fa gééjì yọ, ẹ ní ó gbẹ. Kò gbẹ. Ó sá pamọ́ ni."

Atẹ̀wé wo ìbàdí ọkọ̀ tó ti ń fi àkísà nù láti kékeré. Kò mọ̀ rárá pé nǹkan kan wà lẹ́yìn irin pupa yẹn.

"Tó bá wá jí ńkọ́, Màmá?" ni ìyàwó béèrè.

"Tó bá jí, ẹ́ńjìnì á fa gbogbo èyí tó wà níkùn rẹ̀, á dá a padà sí táǹkì. Á wá bá lítà mẹ́ta àlejò níbẹ̀. Táǹkì ò ní gbà wọ́n. Ibi tí ẹ́ńjìnì fi ń mí ni wọ́n á gbà sá jáde, èéfín á sì bo òpópónà yìí mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnì á máa mu ohun tí kò yẹ kó mu. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ìyàwó mi. Àìtó ọ́ìlì ń pa ẹ́ńjìnì. Àpọ̀jù rẹ̀ náà ò sì dá a sí."

"Ṣùgbọ́n Màmá," ni Atẹ̀wé wí, "ta ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń yí?"

"Ọmọ mi, iṣẹ́ wo ni mo ṣe jẹun? Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọ le nínú ikùn, ṣé mo máa ń ní kí ọkàn rẹ̀ dúró ná? Ta ló ń wá ìlùkìkì ọkàn lára òkú?"

Màmá jókòó sórí àpótí bébà kan. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọdún kejì tí mo ra ọkọ̀ yìí, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí ara mi yá ni wọ́n ránṣẹ́ pé ìyàwó káfíńtà kan ń rọbí ní ìsàlẹ̀ òkè. Bí mo ti ń múra, bàbá rẹ sáré lọ fa gééjì yọ. Ó gbẹ. Ó rọ lítà mẹ́ta sí i, ìfẹ́ ló fi rọ ọ́, kí ọkọ̀ má baà dá mi dúró lọ́nà. Mi ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí èéfín fi bò mí bí ìkùukùu. Ọkọ̀ ń wúkọ́, ó ń tutọ́, ó dákú. Mo gbé àpò mi, mo fi ẹsẹ̀ sáré. Kí n tó dé, ọmọ ti dé. Bàbá rẹ̀ ló gbà á, pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń fá pákó. Ọlọ́run ló dá ìyá àti ọmọ sí. Mẹkáníìkì arúgbó kan ló tún ọkọ̀ náà ṣe, òun ló sì kọ́ mi ní ohun tí mò ń sọ fún yín yìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba gééjì lọ́wọ́ bàbá rẹ. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mi ò fẹ́ kí ojú tì í."

Bá-a-ti-ń-ṣe-é ti ṣí fìlà. "Káfíńtà, Màmá? Káfíńtà wo?"

"Káfíńtà mélòó ló bí ẹ?"

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé ibi tó pẹrẹsẹ lórí rẹ̀. "Yéè! Ìyá mi kàn máa ń ní agbẹ̀bí pẹ́ kó tó dé ni. Ṣé ọ́ìlì ló fà á tí orí mi fi rí báyìí?"

"Má purọ́ mọ́ bàbá ẹ. Bẹ́ẹ̀ lorí ẹ ṣe rí kó tó gbà ẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, títí kan Atẹ̀wé tí omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rín náà, ẹ̀rù jẹ́jẹ́ kan bà á. Lítà mẹ́ta nígbà náà, lítà mẹ́ta lónìí. Ìfẹ́ nígbà náà, ìfẹ́ lónìí. Ìfẹ́ tí kò béèrè ọ̀nà lè ṣi ni lọ́nà.

"Ẹ̀yin ẹ̀ bá tiẹ̀ ka ìwé rẹ̀," ni Màmá wí. "Ó wà nínú àpótí iwájú."

Ìyàwó ṣí àpótí iwájú ọkọ̀, ó sì mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ gbà mí! Ìwé yìí ni mo rán ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo rán an, n ò kà á." Ó ṣí i, ó sì kà á sókè: kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì gbóná dé ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lójú kan, nígbà náà ni kí a wọn ọ́ìlì.

"Ọkọ tẹ̀wé, aya ránwèé," ni Bá-a-ti-ń-ṣe-é wí, "ọkọ̀ ń wá ẹni tó máa kà á."

Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Òótọ́ ò ní kí ẹni tó sọ ọ́ jẹ́ ọlọ́gbọ́n.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Atẹ̀wé na ọwọ́ sábẹ́ ìbàdí ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí táǹkì, ó sì fi abọ́ mímọ́ gba ọ́ìlì títí ó fi pé lítà mẹ́ta géérégé. Ó dí i padà. Lẹ́yìn náà ni Màmá wọlé sí ẹ̀gbẹ́ dirẹ́bà, ó tẹrí ba bí ó ti máa ń ṣe, ó ní, "Ó yá. Jí i."

Atẹ̀wé yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bú. Kò bú bí ọkọ̀ mìíràn. Ohùn náà jinlẹ̀, ó kún, ó gba inú ilẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bí ohùn akọrin ọgọ́rùn-ún tó ń kọ orin ìyìn láti ilé kejì. Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bá-a-ti-ń-ṣe-é, tó ti wa ọkọ̀ fún ogún ọdún, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀.

Wọ́n wà á jẹ́jẹ́ yí àdúgbò ká fún ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú, títí abẹ́rẹ́ tó ń sọ ìgbóná ọ́ìlì fi gòkè dé ibi tó yẹ, tó sì dúró.

"Àgbàlá wa ń dà lọ sí gọ́tà," ni Màmá wí. "Bí ọkọ̀ bá dagun, ọ́ìlì á dagun, gééjì á sì ṣìnà. Ibo ló tẹ́jú?"

Èyí ni Atẹ̀wé mọ̀ jù lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dúró lórí ilẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ. Ó darí ọkọ̀ sí orí sìmẹ́ńtì iwájú ilé ìtẹ̀wé, ibi tí wọ́n máa ń sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sí. Ó mú irinṣẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìtẹ́jú ilẹ̀, èyí tí atẹ́gùn kékeré kan bí ẹ̀wà ń rìn nínú omi rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ níbùú, ó gbé e sílẹ̀ lóòró. Atẹ́gùn náà dúró sí àárín gbùngbùn.

"Ó tẹ́jú, Màmá."

"Má pa á o. Jẹ́ kó máa mí."

Màmá sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó sì mú fèrè onígi kan jáde, irú èyí tí àwọn agbẹ̀bí fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ nínú ikùn. Ó gbé ẹnu fèrè náà lé ìbàdí ọkọ̀, lórí táǹkì, ó fi etí tì í, ó sì di ojú tó kù fún un.

"Ó ń padà wálé," ni ó wí. "Mò ń gbọ́ bó ṣe ń dà sínú táǹkì. Wá gbọ́."

Atẹ̀wé tẹ̀ ba, ó fi etí lé e. Lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnì, ó gbọ́ ohun mìíràn: ṣọ̀rọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀rọ̀, bí odò kékeré tó ń ṣàn nínú òkùnkùn. Láti kékeré rẹ̀ ni odò yìí ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó yá, fa gééjì."

Ó na ọwọ́, ó tún fà á padà. Ẹ̀rọ ń yí. Ó rí ìka bàbá rẹ̀ tó kù mẹ́sàn-án.

"Mo mọ ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù," ni Màmá wí. "Òfin bàbá rẹ dára, má dà á nù. Ibi tí bẹ́líìtì àti fáànù wà, ọwọ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láéláé. Ká apá aṣọ rẹ sókè, bọ́ aago ọwọ́ rẹ. Ìyàwó, sún ìborí rẹ sẹ́yìn. Àárín ni bẹ́líìtì wà. Gééjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó jìnnà sí i. Ibẹ̀ nìkan ni kí o lọ."

Ó fà á yọ. Ó fi àkísà mímọ́ nù ún. Ó kì í bọ̀ ọ́ délẹ̀, ó tún fà á yọ, ó sì gbé e sójú oòrùn.

Àmì méjì ló wà lára irin náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, láìga, láìrẹlẹ̀, ọ́ìlì dúró, ó ń dán bí oyin.

"Olúwa mi o!" ni ìyàwó wí.

"Níbo ló ti wá?" ni Bá-a-ti-ń-ṣe-é béèrè, fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

"Kò ti ibì kankan wá," ni Màmá dáhùn. "Ó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Àárín yẹn ti tó, kò pọn dandan kó kan àmì òkè. Bó bá dín, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, bí ẹni ń fún aláìsàn ní omi ẹ̀kọ́. Wọ́n á rọ díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n."

Atẹ̀wé di gééjì náà mú, kò fẹ́ dá a padà. Ọkọ̀ yìí kò ṣaláìní ohunkóhun. Òun ló rò pé kò ní, òun ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì í. Ẹni tó mọ̀ sì wà ní pálọ̀, ó wọ aṣọ ìrìn, ó ń dúró kí wọ́n wá bi í.

"Màmá, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi."

"Mo ti forí jì ẹ́. Gbé mi lọ, kí oòrùn tó ga jù."

Wọ́n gun òkè lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ pupa náà ń yí kọ́nà bí ẹyẹ, kò yọ èéfín. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, adágún omi tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń jó lórí rẹ̀. Màmá gbé ojú kan ṣoṣo náà lé e. Ó wò ó títí, kò ṣẹ́jú.

"Mo rí i," ni ó wí. "Bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti kó ohun tí màá máa wò sínú ilé."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n fi báńdéèjì dí ojú Màmá fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, Atẹ̀wé gbé ọkọ̀ náà wá sábẹ́ fèrèsé ilé ìwòsàn, ó sì jẹ́ kó máa mí jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní Màmá yí orí sí ọ̀nà fèrèsé lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ó tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ́ìlì rẹ̀ pé."

Nígbà tí dókítà tú báńdéèjì náà, Màmá kò béèrè dígí, kò béèrè òdòdó tí wọ́n kó wá. Ó ní kí wọ́n mú gééjì wá fún òun. Atẹ̀wé sáré lọ mú un, ọ́ìlì ṣì ń dán lára rẹ̀. Màmá gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún. Ó fi èékánná kan àmì òkè, ó fi kan àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi kan ibi tí ọ́ìlì dúró sí láàárín wọn gan-an.

"Ibí yìí," ni ó wí.

Atẹ̀wé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó ń mú ohun tó sá pamọ́ padà wá sí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí ìtàn yìí wọ̀ wá létí. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ ni a ń wọn ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ́ńjìnì, tí a sì dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ asáré àtijọ́ kan wà tí ọ́ìlì wọn ń gbé inú táǹkì ọ̀tọ̀, àfi kí ẹ́ńjìnì wọn gbóná, kó sì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí gééjì tó sọ òtítọ́. Nítorí náà, má fi ti ọkọ̀ aládùúgbò rẹ mọ tìrẹ. Ṣí ìwé ọkọ̀ rẹ, kà á. Bí ìwé náà bá ti sọnù, wá ẹni tó mọ irú ọkọ̀ náà dáadáa, bó tiẹ̀ jẹ́ arúgbó tó jókòó sí pálọ̀ rẹ. Abéèrè kì í ṣìnà. Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nu gééjì kí o tó gbà á gbọ́. Bí gééjì bá ní ó gbẹ, má tíì sáré gbé kẹ́ẹ̀gì; kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá àkókò tó yẹ ni o bi í. Tó bá sì dín lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀ ni kí o rọ ọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, pa aṣọ, ìborí, aago àti ọwọ́ rẹ mọ́ kúrò níbi bẹ́líìtì àti fáànù. Bí iná tó ń kìlọ̀ nípa ọ́ìlì níwájú dirẹ́bà bá sì tàn lójú ọ̀nà, dúró síbi tí kò léwu, pa ẹ́ńjìnì, kí o pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé máa ṣọ́ tìrẹ. Ohun rere tó wà nínú ayé rẹ tí ojú rẹ kò tíì rí, kó ṣàn padà wálé lásìkò tó yẹ. Ọkọ̀ rẹ kò ní kú sójú ọ̀nà, ojú rẹ kò ní ṣú lójijì, àgbà tó mọ ọ̀nà kò sì ní wọ́n nínú ilé rẹ. Bí o ti ń lọ, wàá dé. Bí o ti dé, ayọ̀ ni wàá bá nílé. Àmín.